Òṣùwọ̀n Ọwọ́ Atúnrédíòṣe: Ìtàn Iṣẹ́ Kan ní Ọ̀nà Bassila àti Manigri

Ẹni tí ó bá ti Savalou dìde, tí ó gba Bantè gòkè lọ sí Djougou, yóò la Manigri kọjá kí ó tó wọ Bassila, nítorí ọ̀nà ńlá kan náà ni ó so gbogbo wọn pọ̀. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ̀ka Donga, tí a yọ kúrò lára Atacora ní ọdún 1999, ni Bassila wà. Èdè Aníí ni èdè àwọn onílé níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní Manigri, èdè tí ó bá Yorùbá ṣe ọmọ ìyá ni wọ́n ń sọ, òun kan náà sì ni a ń gbọ́ ní Kambolé, tí ó bọ́ sí ìhà Tógò nígbà tí Faransé àti Jámánì fọwọ́ sí ìwé ààlà ní Paris ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1897. Ìwé yẹn ya ẹ̀gbọ́n kúrò lọ́dọ̀ àbúrò láìbi èyíkéyìí nínú wọn léèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí rédíò dé, ohùn tí ń gba ojú ọ̀run kò bá aṣọ́bodè kankan sọ̀rọ̀, ó ń wọlé sí ọ̀dọ̀ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bí ó ti wù ú.

Nípa àwọn tí ń tún rédíò náà ṣe ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ níhìn-ín, pàápàá jù lọ nípa ohun èlò kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná inú rẹ̀, bí ó ti ṣe dé ọwọ́ wọn, iye tí ó ná wọn, àti ọgbọ́n tí wọ́n fi ń yan èyí tí apá wọn ká. Àwọn baba wa mọ ìwọ̀n: alágbẹ̀dẹ, ọmọ Ògún lákáayé, a máa fi ojú mọ ìgbà tí irin bá pọ́n tó, aláró a máa fi ahọ́n tọ́ omi aró wò kí ó tó rẹ aṣọ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná kò ní àwọ̀ tí ojú lè rí, ẹni tí ó bá sì fi ahọ́n tọ́ ọ wò lè má padà wá ròyìn. Nítorí náà ni òṣùwọ̀n fi di olórí ohun èlò nínú iṣẹ́ yìí, ó sì ju irin ìjó lẹ́ẹ̀dì lọ.

Ọdún 1953 ni ilé iṣẹ́ rédíò bẹ̀rẹ̀ sí fọhùn ní Kùtọnu, ti Lomé náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà. Rédíò ìgbà náà, onífáàfù ni. Àwọn ìgò gbígbóná tí ń bẹ nínú rẹ̀ ń jẹ iná púpọ̀, èyí tí kò bá sì rí iná ìlú lò gbọ́dọ̀ ní bátìrì ńlá, òmíràn tó 90 fólìtì, tí ó wọ́n bí ojú. Ìwọ̀nba àwọn tí ọwọ́ wọn tó ẹnu ni ó ní irú rẹ̀ nílé. Àyípadà dé láti Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilé iṣẹ́ Bell ti ṣe tiransísítọ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1947. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1954, rédíò onítiransísítọ̀ tí ń jẹ́ Regency TR-1 jáde lọ́jà ní dọ́là 49 àti sẹ́ńtì 95, àwọn ará Japan sì tẹ̀lé e kíákíá. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn òmìnira Dàhòmì (orúkọ Benin nígbà náà), ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1960, tí rédíò tí ń jẹ bátìrì tọ́ọ̀ṣì, èyí tí wọ́n ń pè ní pílì níhà Faransé, fi di ohun tí àgbẹ̀ ń gbé kọ́ apá lọ sí oko iṣu.

Ẹ má sì ṣe rò pé eré lásán ni wọ́n ń fi í ṣe. Rédíò ni ó kéde fún àwọn ará ìgbèríko pé ológun kan, Kérékou, ti gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1972, òun ni ó sọ fún wọn pé orúkọ ilẹ̀ wọn ti yí padà láti Dàhòmì di Benin ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1975, òun kan náà ni wọ́n dì mọ́ etí ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 1977 nígbà tí àwọn ọmọ ogun àgbàṣe já wọ Kùtọnu, àti ní oṣù Kejì ọdún 1990 nígbà tí àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè ń lọ lọ́wọ́. Àwọn tí ó gbọ́ Haúsá sì ti ní ohùn BBC láti ọdún 1957. Bí rédíò bá kú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ta ni kò ní sáré tọ atúnrédíòṣe lọ? Láti inú irú ìsáré bẹ́ẹ̀ ni ọlá iṣẹ́ náà ti wá.

Òṣùwọ̀n yìí, tí wọ́n ń pè ní mítà, kò kọ́kọ́ sí lọ́wọ́ ẹni tí ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí bí a kò bá rí àdàn, òòbẹ̀ ni a fi ń ṣẹbọ. Imú rẹ̀ ni ó fi ń mọ resísítọ̀ tí ó ti jó. Ojú ni ó fi ń wá ibi tí lẹ́ẹ̀dì ti la. Bí rédíò onítiransísítọ̀ bá sì dákẹ́ pátápátá, a fi ìka kan ẹsẹ̀ àárín bọ́tìnì tí a fi ń gbé ohùn sókè, bí ẹnu rédíò bá hùn, ó mọ̀ pé láti ibẹ̀ lọ sí ẹnu kò sí àrùn, apá ọ̀hún ni kí òun wá a lọ. Ìdajì iṣẹ́ ti tán nìyẹn láìná kọ́bọ̀. Lẹ́yìn èyí ni gílóòbù tọ́ọ̀ṣì tí a so mọ́ bátìrì pẹ̀lú wáyà méjì: a ó fi etí wáyà kan kan ìhín, èkejì kan ọ̀hún, bí gílóòbù bá tàn, ọ̀nà ṣí sílẹ̀, bí kò bá tàn, ọ̀nà dí. Àmọ́ ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ni gílóòbù mọ̀ ọ́n dá. Kò lè sọ pé bátìrì 9 fólìtì ti sọ̀kalẹ̀ di 7. Bẹ́ẹ̀ ni iná tí ń gba inú rẹ̀ kọjá pọ̀ tó láti pa tiransísítọ̀ kékeré tí a ní kí ó yẹ̀ wò.

Òṣùwọ̀n alábẹ́rẹ́ ti wà ní òkè òkun kí rédíò tó wà rárá. Ní ọdún 1882 ni d'Arsonval ará Faransé gbé irú èyí jáde tí wáyà tí a ká róbótó ń yí láàárín irin òòfà. Edward Weston ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ohun tí a lè gbé kiri ní ọdún 1888. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnjiníà ilé ìfìwéránṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Donald Macadie, tí ó ti sú láti máa ru òṣùwọ̀n áńpíà lọ́tọ̀, ti fólìtì lọ́tọ̀, ti óòmù lọ́tọ̀, pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú àpótí kan, èyí tí ó jáde ní ọdún 1923 pẹ̀lú orúkọ AVO. Irú kẹjọ rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1951, wọn kò dẹ́kun ṣíṣe é títí di ọdún 2008. Ní ìhà Faransé, ilé iṣẹ́ Chauvin Arnoux, tí a dá sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1893, àti Métrix ti ìlú Annecy ni ó gba òde. Bí ààlà àwọn òyìnbó ti rí lórí ilẹ̀ ni ó rí lórí tábìlì iṣẹ́: ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn, AVO ni ó ń fi ojú fẹ́, ẹni tí ó kọ́ ọ lábẹ́ Faransé ní Kùtọnu, Métrix ni tirẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Abẹ́rẹ́ mítà wọ̀nyí kéré, ṣùgbọ́n owó wọn kò ṣeé gbé mì fún ẹni tí ń gba owó táṣẹ́rẹ́ lórí rédíò kọ̀ọ̀kan.

Níbi tí ó ti ń wá mítà tí kò wọ́n ni ọmọ iṣẹ́ ti bá ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù pàdé. Mítà alábẹ́rẹ́ kò ní iná tirẹ̀ tí ó fi ń wo fólìtì. Nínú ohun tí ó ń wọ̀n gan-an ni ó ti ń mu iná tí yóò gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ dìde. Bí iná ibi tí a fi kàn bá pọ̀, kò sí ohun tí ó ṣe. Bí ó bá ṣe tín-ínrín, èyí tí mítà mu ni yóò fa fólìtì ibẹ̀ wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. So resísítọ̀ méjì tẹ̀lé ara wọn lórí bátìrì 9 fólìtì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100,000 óòmù: 4.5 fólìtì ni òtítọ́ àárín wọn. Mítà olówó pọ́ọ́kú àtijọ́, tí ó ní 1,000 óòmù fún fólìtì kan, bí a bá yí i sí ipò 10 fólìtì, yóò wí pé 0.75 ni. AVO kẹjọ tàbí Métrix 462, tí ó ní 20,000 óòmù fún fólìtì kan, yóò wí pé 3.6 ni. Mítà onínọ́ńbà òde òní tí ó gbé 10,000,000 óòmù síkùn yóò wí pé 4.48 ni. Kò sí èyí tí ó bàjẹ́ nínú wọn, kò sì sí èyí tí kò purọ́.

Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ya àwòrán inú rédíò fi máa ń kọ irú mítà tí wọ́n lò sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán, kí ẹni tí ó ní irú rẹ̀ lè rí nọ́ńbà kan náà. Ẹni tí ó mọ èyí, tí ó sì ní mítà òtòṣì, a máa jókòó, a ṣe ìṣirò ohun tí mítà rẹ̀ jẹ, a dá a padà sórí ohun tí abẹ́rẹ́ sọ, a sì bá òtítọ́ jáde. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, bí a tilẹ̀ gbé AVO fún un, yóò já tiransísítọ̀ tí kò ṣẹ̀ sọnù. Ní ilé iṣẹ́ rere, bí ọmọ iṣẹ́ bá béèrè pé, “Ọ̀gá, ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀?” ìdáhùn tí í gbà ni pé, “Kí ni mítà wí?” Bí ó bá sì dáhùn, a ó tún bi í pé, “Mítà wo?”

Òmíràn wà nínú ìdílé òṣùwọ̀n tí kì í sọ nọ́ńbà nìkan, tí ń ya ìrìn iná sójú dígí bí ó ti ń gòkè tí ó ń sọ̀: èyí ni ọ̀sílósíkóòpù, tí Karl Ferdinand Braun ará Jámánì fi ìgò rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1897. Nígbà tí Tektronix ti Amẹ́ríkà gbé èyí tí ń jẹ́ 511 jáde ní ọdún 1947, dọ́là 795 ni iye rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ Heathkit kó àwọn ohun èlò tí ogun àgbáyé kejì ṣẹ́ kù, ó di wọ́n sínú àpótí pẹ̀lú ìwé ìlànà, ó sì tà wọ́n ní dọ́là 39 àti sẹ́ńtì 50 fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣe tán láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó wọn pọ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn tí ó kàn fẹ́ràn iṣẹ́ iná láìfi jẹun, ní gbogbo ayé, ti rí i pé bí à ń gún iyán nínú odó, tí à ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Àmọ́ ní ọ̀nà Bassila, dọ́là 39 pàápàá kì í ṣe ohun tí atúnrédíòṣe lè fi sí ọkàn nígbà náà.

Tẹlifíṣọ̀n, tí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, tí ti Benin sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1978, ni ó kọ́kọ́ fi ìbẹ̀rù wọ inú iṣẹ́ yìí. Rédíò onítiransísítọ̀ tí ń jẹ bátìrì kò lè pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgò tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ni iná tí ó ju 20,000 fólìtì lọ ń gbé, ọ̀pọ̀ mítà ọwọ́ kì í sì í kà ju 1,000 lọ. Kì í ṣe lásán ni ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu gbẹ́, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọdún 1964, fi dúró níwájú ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ní Marina l'Ékòó; Olúkòso, ọkọ Ọya, kì í bá ẹni tí kò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ṣeré. Láti ìgbà náà ni yíyan òṣùwọ̀n ti kọjá ọ̀rọ̀ nọ́ńbà tí ó tọ́ nìkan. Ó ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí pẹ̀lú.

Ní ọdún 1977 ni ilé iṣẹ́ Fluke ti Amẹ́ríkà ta mítà onínọ́ńbà tí a lè fi ọwọ́ kan dì mú, 8020A, ní dọ́là 169. Ohun tí ó mú kí irú rẹ̀ rọrùn ní ẹ̀yìnwá ni pẹlẹbẹ kékeré kan tí ilé iṣẹ́ Intersil ṣe, tí ń jẹ́ 7106, èyí tí ó kó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ohun èlò sínú ara rẹ̀ nìkan. Àwọn ará Ṣáínà gba pẹlẹbẹ yìí, wọ́n fi ike aláwọ̀ yẹ́lò bò ó, wọ́n pè é ní DT830, ó sì kún ọjà ilẹ̀ adúláwọ̀ láti Dantokpa ní Kùtọnu dé Alábà l'Ékòó. Àkókò ọ̀pọ̀ dé fún ẹni tí baba rẹ̀ fi gílóòbù tọ́ọ̀ṣì ṣiṣẹ́. Bí a bá sì gbé e wá síbi ìṣirò wa ìṣáájú, mítà kékeré yìí, tí ó ní 1,000,000 óòmù níkùn, yóò wí pé 4.29 fólìtì ni: ó sún mọ́ òtítọ́ ju AVO olówó iyebíye lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ń purọ́ kò sí nínú nọ́ńbà mọ́. Wọ́n kọ 1,000 fólìtì sí i lójú, bẹ́ẹ̀ ni wáyà ọwọ́ rẹ̀ tín-ínrín, ihò 10 áńpíà rẹ̀ kò sì ní fíúsì kankan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́ sí ara rẹ̀ gan-an fún ẹni tí ó bá lè kàwé. Iná 220 fólìtì tí ń wọ ilé a máa gòkè dé 311 ní ṣóńṣó ìgbì rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbàgbé wáyà sínú ihò 10 áńpíà, tí ó sì lọ fi kan iná ilé, mítà lè gbiná mọ́ ọn lọ́wọ́. Lórí tábìlì, níbi tí bátìrì ti ń fún rédíò lóúnjẹ, mítà yẹ́lò yìí tó ọ̀gá. Lára ògiri níbi tí wáyà ìlú ti ń wọlé, kò tó ọmọ ọwọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ọjọ́ tí yóò bá irú irọ́ yìí kì í sì í dára.

Iṣẹ́ náà kò dúró sí ojú kan. Láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti wọ Benin, ọ̀pọ̀ tí ìbá kọ́ rédíò ti yà sí títún fóònù ṣe; pánẹ́ẹ̀lì oòrùn náà ti sọ bátìrì wíwọ̀n di iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní abúlé. Ìlànà ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà bí ó ti wà, ọmọ iṣẹ́ ń sin ọ̀gá títí di ọjọ́ ìtúsílẹ̀ tí ẹbí ń bá a jó, àmọ́ ìjọba ti fi ìwé ẹ̀rí CQP kún un láti ọdún 2005, kí ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lè ní ohun tí yóò fi hàn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Òṣùwọ̀n náà ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 2009, Markus Frejek ará Jámánì fi àwòrán ẹ̀rọ kékeré kan sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, Karl-Heinz Kübbeler sì tún un ṣe dáadáa: a ó fi tiransísítọ̀ tàbí kapásítọ̀ sí i lẹ́nu, yóò sì dá orúkọ rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ mọ̀ fúnra rẹ̀, àwọn ará Ṣáínà ń tà á ní owó tí kò tó nǹkan. Ọ̀sílósíkóòpù gan-an ti sọ̀kalẹ̀: ti Rigol tí ń jẹ́ DS1054Z, tí ó jáde ní ọdún 2014 ní dọ́là 399, ń ṣe ohun tí 511 ọdún 1947 kò lè ṣe ní ìlọ́po méjì owó náà.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ohun tí ó wà lórí tábìlì ẹni ni kí ó yan òṣùwọ̀n ẹni. Ọ̀dọ́ tí ń tún rédíò oníbátìrì ṣe ní Manigri, mítà yẹ́lò tó o fún ìbẹ̀rẹ̀, bí ó bá ti fi bátìrì tuntun kan wọ̀n ọ́n pẹ̀lú mítà ẹlòmíràn, tí ó sì mọ iye tí tirẹ̀ fi yàtọ̀. Bí ó bá fẹ́ fọwọ́ kan iná ilé, kí ó ná owó sí mítà tí ó ní fíúsì ní gbogbo ihò rẹ̀ àti wáyà ọwọ́ tí ó nípọn, kí ó tó ronú ọ̀sílósíkóòpù rárá. Gílóòbù àwọn baba náà kò tíì di àlòpatì, nítorí gílóòbù onífólìtì 220 tí a so tẹ̀lé ẹ̀rọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe yóò tàn yòò bí àrùn bá ṣì kù nínú rẹ̀, yóò sì gbà á lọ́wọ́ jíjó. Kí ó ra ẹ̀rọ Frejek ṣèkejì, nítorí pé kapásítọ̀ ni ó ń kú jù. Ọ̀sílósíkóòpù ni kí ó gbẹ̀yìn, ní ọjọ́ tí iṣẹ́ tí òun ń kọ̀ nítorí àìrí ìgbì bá ti pọ̀ tó láti san owó rẹ̀ padà.

Àwọn tí ó fi gílóòbù àti ìka ṣiṣẹ́ kò ní ohun tí ó wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí ohun tí wọ́n ní mọ, wọn kì í sì í bi í ní ìbéèrè tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Ìmọ̀ yìí ni a kò lè rà ní Dantokpa, òun náà sì ni ó yẹ kí ọ̀gá kọ́kọ́ fi lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, kí ó tó fi mítà lé e.